Ẹjọ́ Nọ́ọ̀sì Tí Mo Fi Rán Ẹni Tí Mo Fọkàn Tán

Ẹni tí mo ní kó bá mi fẹjọ́ nọ́ọ̀sì sùn ló lọ gbé lẹ́tà mi fún nọ́ọ̀sì náà!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì yìí jágbe mọ́ màmá mi lójú gbogbo èèyàn ní ọsibítù ìjọba. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru o, síbẹ̀ orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́.

Àwọn èèyàn wá júwe bàbá kan tó ń bá aláìsàn gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ọsibítù fún mi. Ó ní, "Èmi ò bá ọsibítù ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìwọ àti màmá rẹ ni mo wà." Mo kọ lẹ́tà, mo gbé e fún un.

Àárọ̀ òní ni nọ́ọ̀sì wọlé wá bá wa nílé, lẹ́tà mi lọ́wọ́ ẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín: "Màmá, Tọ́sìdeè lẹ máa wá gba oògùn, àbí? Ẹ ó bá mi níbẹ̀."

Mo pe bàbá yẹn. "Sà, báwo ni lẹ́tà mi ṣe dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ṣé kí n fẹjọ́ wọn sùn láìkọ́kọ́ fi hàn wọ́n ni?"

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó hùwà ọmọlúàbí!

Màmá mi ti ní àwọn ò lọ ọsibítù yẹn mọ́. Oògùn wọn sì ti fẹ́ tán.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ta ni kí n wá fẹjọ́ bàbá yìí sùn fún, tí kò ní jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀?