Ọjọ́ Tí Bàbá Aránṣọ Jókòó Lé Ọba Lórí

Nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso Dàhòmì, kò sí aláṣọ kan ní Mísẹ̀bò, ọjà aláṣọ ní Kùtọnu, tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Dúrótoyè aránṣọ jókòó lé ìwé lórí. Geneviève, olùkọ́ ilé-ìwé, ló ń ka ìwé ọ̀hún fún àwọn aládùúgbò ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìtàn ọba obìnrin kan ní ilẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́ ni. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, Geneviève á sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á lọ. Lọ́jọ́ yìí, ó ku ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó ní: "Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba kú."

Dúrótoyè dìde, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí àpótí, ó sì jókòó lé e.

"Lọ́jọ́ Àìkú lẹ ní ọba kú, Olùkọ́? Ọba kì í kú, wíwàjà ni wọ́n ń wàjà. Àfi tí ẹ bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ ni mo máa dìde."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó tilẹ̀ yọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníṣòkòtò.

"Bàbá," Geneviève rọra béèrè, "ta lẹ wá jókòó lé lórí yẹn?"

Dúrótoyè fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìwé.

Bẹ́ẹ̀, òun kan náà ni kò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin ni ọba. Ṣé "ó" ni Yorùbá ń pe ọkùnrin, "ó" náà là ń pe obìnrin. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Geneviève fi ń kà pé ọba gẹṣin, ó lé ọ̀tá, tí Dúrótoyè sì ń lu itan pé ọkùnrin mẹ́ta nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọba lóyún. Gbogbo ilé yíjú sí Dúrótoyè. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Èmi ti mọ̀ tipẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin ni mo ń dán wò."

Láti ìgbà náà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bú ọba lójú òun. Oyèníkẹ́ aláṣọ ní alágídí ni, ìbá ti fẹ́ ọkọ mìíràn kí ogun lè tán. Rájí olóbì ní ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè jọba lé òun lórí.

"Ilẹ̀ wọn tutù," Dúrótoyè dá a lóhùn. Aṣọ ọba nìkan ni kò lè gbèjà. Ọ̀pá mẹ́sàn-án tó ń wọ́ nílẹ̀! Ó ní aránṣọ tó rán an ló yẹ kí wọ́n bá jagun.

Dúrótoyè kò ní aya, kò ní ọmọ ní Kùtọnu. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń rí ẹni bá jiyàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, lọ́jọ́ ìjókòó-lé-ìwé náà, tí Geneviève gbà, tó kà á pé ọba wàjà, ohùn Dúrótoyè lọ sílẹ̀.

"Ṣé ó parí nìyẹn?"

"Ó parí, Bàbá."

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka ìwé náà fún un látòkè délẹ̀.

Lọ́dún kejì, lásìkò ọyẹ́, Geneviève ti ṣí ìwé, ó ń retí rẹ̀, nígbà tí Rájí nìkan wọlé.

"Olùkọ́, Bàbá aránṣọ ti kú."

Omi lé ròrò sójú Geneviève. "Lọ́jọ́ Àìkú, Rájí? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

"Aránṣọ ni wọ́n, Olùkọ́. Wọn kì í ṣe ọba."

"Mo mọ̀."

Rájí wo àpótí tó ṣófo. Ó ṣí fìlà.

"Bàbá aránṣọ wàjà," ló wí.