Bí Mo Ṣe Lọ Gba Ohùn Màámi ní Kútọnu

Ẹ̀yin ará Ìlaròó tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í rìnrìn àjò. Aránṣọ ni mí, ìdí máṣíìnì ni mo fi ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ Ìdíròkò, tí mo fi ìborùn bo etí, tí mò ń ráhùn. Awakọ̀ bi mí pé, "Ìyá, ṣé wọ́n fi ipá mú yín ni?" Mo ní, "Ohùn ìyá mi ni mò ń lọ gbà ní Kútọnu." Ó wò mí nínú dígí, ó sì kọjú sí ọ̀nà rẹ̀.

Kò mọ ohun tí mò ń sọ ni. Kútọnu ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ ní àdúgbò Ganhi níbẹ̀ nígbà náà, Màámi ló sì ń dá orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ya fídíò wọn níbi tí wọ́n ti ń kọrin létí òkun, wọ́n sì ṣe é sínú àwo. Ẹyọ àwo kan ló kù nílé wa lónìí, ó sì ti ha. Orin àkọ́kọ́ kì í tíì wọra tí àwòrán á fi dúró gbagidi. Lẹ́yìn tí a padà sílé, gẹ̀gẹ̀ yọ sí Màámi lọ́rùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ohùn bá a lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ó bá pe oríkì mi pé "Àkànkẹ́ o!", àdúgbò kejì ń gbọ́. Ní báyìí, ṣe ló ń pàtẹ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, Mojí àbíkẹ́yìn mi bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìyá àgbà ń kọrin rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Màámi fúnra rẹ̀ ló rọra sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní kí wọ́n tó tẹ fídíò náà sínú àwo, inú téèpù dúdú kan ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ganhi, téèpù náà sì wà níbẹ̀ kí àwọn tó kúrò nílùú. Mo ní bóyá ó ṣì wà. Ó ní kí n lọ wò ó.

Ní Ìdíròkò, mo pààrọ̀ owó sí sefa, mo sì kọjá sí Igolo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀nà tiwọn dán ju tiwa lọ. Epo bẹntiróòlù ṣì wà nínú ìgò létí ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayò, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti ń wá. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni méjì ni wọ́n ń fi sí iwájú takisí. Èmi ni mo gba ẹ̀gbẹ́ gíà. Títí a fi dé Àjàṣẹ́, gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yí gíà ló ń sọ pé, "Pádọ̀ọ́, Màmá," èyí tó jẹ́ pé "ẹ má bínú" ni lédè Faransé. Mo bínú síbẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ mo wọ òmíràn dé Kútọnu, mo sì gun sémíjàn lọ sí Ganhi. Ọ̀kadà ni sémíjàn. Lédè Fọ̀n, ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá", ọ̀gbẹ́ni tó gbé mi kò sì fi orúkọ náà ṣeré rárá.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, báńkì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tó ṣì ilé. Afẹ́fẹ́ òkun nìkan ni kò yí padà. Bó ṣe fẹ́ sí mi nímú, mo rántí àtíkè ọrùn bàbá mi, ojú mi sì ṣomi.

Mo rí ṣọ́ọ̀bù téèpù. Ẹni tó ni ín ti kú, opó rẹ̀, Tàńtí Selẹsitínì, ló wà níbẹ̀. Tàńtí ni wọ́n ń pe àǹtí níbẹ̀. Fọ̀n ni, ṣùgbọ́n ọjà ti kọ́ ọ ní Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbé páálí kan jáde tí téèpù kún inú rẹ̀.

"Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí ẹ mọ̀ nílé o," ó wí. "Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tó ń kà á, ó sì ti darúgbó. Ó lè já téèpù mọ́nú. N kò lè máa fi téèpù àwọn ẹlòmíràn dán an wò. Orúkọ wo ló wà lára tiyín?"

Mo dárúkọ bàbá mi. Kò sí. Mo dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí. Mo rántí pé Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló gbówó iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ní kí ó wá orúkọ rẹ̀, Ṣẹ́gun. Kò sí. Mo pe Màámi lórí fóònù, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ariwo Ganhi? Mo ti ń palẹ̀ mọ́. Mo ń ro ohun tí n ó sọ fún Mojí.

Tàńtí ń dá àwọn téèpù padà sínú páálí, ó ń ka orúkọ ara wọn lábẹ́nu. Ó dúró lórí ọ̀kan. "Ilé iṣẹ́ wo tilẹ̀ ni Agúntáṣọọ́lò yìí? Ẹnikẹ́ni kò wá béèrè rẹ̀ rí."

Ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, omijé ń bọ́.

"Tàńtí, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Bàbá Kékeré ni."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ ló jẹ́ fún un, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Kékeré ga, aṣọ sì ń yẹ ẹ́, ni Màámi bá sọ ọ́ ní Agúntáṣọọ́lò láti ọjọ́ tó ti wọlé. Nígbà tí wọ́n bi Màámi ní ṣọ́ọ̀bù pé ta ló ni iṣẹ́, orúkọ yẹn ló dá.

"Ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá?" Tàńtí bi mí. "Kò lè pe orúkọ rẹ̀ fún oníṣẹ́?"

"Kò lè pè é."

Ó mi orí. "Ẹ̀yin Nàgó yìí."

Ó nu téèpù náà, ó kì í bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń kérora, ó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tàńtí gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Èmi ń pe Jésù nínú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó kà á tán sínú kọ̀ǹpútà, Tàńtí ṣí i, mo sì rí Màámi lórí iyanrìn etíkun Fidjrossè nínú aṣọ funfun, atẹ́gùn ń gbé gèlè rẹ̀. Ó la ẹnu. N kò mọ̀ pé mo ti gbàgbé bí ohùn náà ṣe tóbi tó.

"Ó ju ohun tó wà nínú àwo lọ," Tàńtí wí. "Ohun tí ọkọ mi kò fi síta náà wà ní ìparí." A kò wò ó débẹ̀, kí ọkọ̀ má bàa fi mí sílẹ̀. Ó kó o sínú fláàṣì, èyí tí wọ́n ń pè ní klé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Mo so ó mọ́ etí ìró mi. Kí n tó wọkọ̀, mo jẹ àmìwò, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi ata àti òróró rò, pẹ̀lú adìyẹ, ẹgbẹ̀rún kan sefa. Ó dùn, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ rẹ̀ kéré sí tiwa.

Ní ẹnubodè, aṣọ́bodè bi mí pé kí ni mo rà. Mo ní n kò ra nǹkan kan. Kò gbà mí gbọ́. Ta ló ń ti Kútọnu bọ̀ lọ́wọ́ òfo? Ó tú báàgì mi, búrẹ́dì gígùn kan ló bá níbẹ̀, ó sì ní kí n máa lọ. Mo ti máa ń fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí orúkọ tí kì í pè yìí, mo máa ń ní ayé ti là. Nínú ọkọ̀ Ìlaròó, mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi. Ìwà tí mo kà sí ti àtijọ́ ló ṣamọ̀nà mi.

Nígbà tí mo délé, Mojí gba fláàṣì, ó kì í bọ tẹlifíṣọ̀n, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà. Mo wọ ilé ìdáná lọ gbé omi kaná, torí n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Orin ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Mo ń gbọ́ tí Mojí ń sọ pé, "Ìyá àgbà, ẹ̀yin rèé?" Lẹ́yìn náà orin parí, n kò gbọ́ nǹkan kan àfi ariwo òkun.

"Àkànkẹ́ o!"

"Mà!" Mo ti sáré dé pálọ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ló pè mí. Màámi ti òkun ń nu iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. "Gbé bàtà mi wá, jàre," ó wí.

Màámi tó wà lórí àga ń rẹ́rìn-ín láìdún, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó nawọ́ sí bàtà rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo lọ gbé e wá.