Àgbo gba imú ọmọ mi jáde



Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ mi fi wà nínú àpótí onígíláàsì ní ọsibítù. Àná la gbé e wálé sí àdúgbò wa, Tukur-Tukur. Àjà ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ojú tì mí. Bàbá rẹ̀ nìkan ni mo sọ fún.

Láàárọ̀ yìí mo jáde lọ sá aṣọ. Kí n tó padà, ìyá ọkọ mi ti tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ń rọ ọ́ lágbo bó ṣe rọ gbogbo ọmọ tirẹ̀.

Àgbo ń gba imú rẹ̀ jáde. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Kò sunkún.

Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń gbá a lẹ́yìn bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, títí ó fi ké.

"Àjà ẹnu rẹ̀ ló là, Mà. Ojú ló tì mí."

Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Nítorí ìtìjú, ọwọ́ mi lo fẹ́ kó pa á."



Mo ti la ẹnu ọmọ náà han gbogbo obìnrin ilé wa. Bí omi ọyàn bá ń gba imú ọmọ yín jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo àjà ẹnu rẹ̀.

Ta ló ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nínú yín? Báwo lẹ ṣe ń rí oorun sùn?