Bàbá Tó Jókòó Síwájú Ilẹ̀kùn

Òórùn eku ni mo fi ń rántí ọjọ́ náà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé àpò ìrẹsì kan tí eku ti gbénú ẹ̀ rí wọlé wa ní Basin, n'Ílọrin níbí, sídíì géèmù àtijọ́ ló kún inú ẹ̀, géèmù àwọn ará Japáànù, tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tòkúnbọ̀ ní Post Office. Iṣẹ́ tó yàn nìyẹn: á máa fi géèmù ṣeré, àwọn èèyàn á máa wò ó láìfù lórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò ó ti ń dín kù. Bàbá ẹ̀ sì ti sọ pé tí èyí tó kàn ò bá pe èèyàn jọ, kó palẹ̀ ẹ̀rọ géèmù ẹ̀ mọ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ bá mi mú ọ̀kan."

Àgbò ni mo tà ní Ọ̀fà Garage títí orúnkún fi ní kí n lọ jókòó. Mo mọ̀ pé èyí tí gbogbo ojú ń wò kọ́ ló máa ń dáa jù. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Mo tú àpò náà. Gbogbo àwọn tí wọ́n yà sára páálí wọn ló yọ idà síta. Ọ̀kan ṣoṣo ni ò yọ nǹkan kan, bàbá arúgbó kan ló jókòó síwájú ilẹ̀kùn. Mo ní, "Èyí."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó mọ èyí o! Òyìnbó gan-an ò sí nínú ẹ̀, èdè Japáànù ni gbogbo ẹ̀."

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà ò kúkú mọ òyìnbó kà.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ló bẹ̀rẹ̀, mo jókòó tì í. Ọmọkùnrin inú géèmù náà rìn dé ẹnu odi ìlú kan. Bàbá yẹn jókòó, ilẹ̀kùn tì. Ó kí i, bàbá fèsì, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó yà sínú igbó, ó ń pa ejò kiri, ó padà dé, ilẹ̀kùn ò ṣí. Àwọn tó ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èébú ránṣẹ́, ọmọ ọmọ mi ń kà á jáde: "Ṣé ilẹ̀kùn lo gbé wá fún wa?" Ẹlòmíì ní òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo rí omi lójú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo ní, "O ò tíì kí i."

"Bàbá! Ṣebí ojú yín ni mo ṣe kí i!"

"Sàlámọ̀ kan péré? Ṣé agbowó-orí ni ọ́? Bi í léèrè ilé. Bi í léèrè ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó dáa ló ń yọ obì lápò. Àbí Ìlọrin kọ́ lo ti wá?"

Àṣé àwọn tó ń wò ń gbọ́ mi. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Ta ni bàbá yìí? Ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀!" Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Bàbá náà bá dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Èmi àgbàlagbà yìí bá ṣí fìlà fún un, mo ní, "A dúpẹ́ o." Ọmọ yẹn pariwo débi tí ìyá ẹ̀ fi sáré wọlé.

Látìgbà náà, èmi ni mò ń yan géèmù fún un, mi ò sì lè ka orúkọ ìkankan. Bàbá ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ aránṣọ mọ́; ó ń wò wá lórí fóònù ẹ̀, ó rò pé mi ò mọ̀. Tí mo bá jókòó síwájú ilé báyìí, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń wò wá á dé, wọ́n á kí mi, wọ́n á tún kí mi, wọ́n á bi mí léèrè ilé, wọ́n á wá dúró, wọ́n á máa wò bóyá màá dìde. Orúnkún ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń dìde.