Bọ́ọ̀lù Kì Í Ṣe Obì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ òsì mi kò mọ ìsinmi. Òun ló máa ń kọ́kọ́ yá láti mú nǹkan, òun náà ló sì máa ń jẹ pàṣán. Bí mo bá fi gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá mi àgbà, ó di gbàù lẹ́yìn ọwọ́. Bí mo bá fi kọ̀wé ní ilé-ìwé, olùkọ́ wa á fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga, á ní kí n máa fi ọ̀tún kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Atlanta níbí lè máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa, òsì kì í ṣe ohun ẹ̀rín rárá. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà ti bú àgbà náà nìyẹn, ì báà jẹ́ odidi màlúù ló fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.

Mi ò sọ pé àṣà náà kò dára o. Títí di òní, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù mí lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹni tó bá gbé àṣà kúrò ní àyè rẹ̀, tó wá sọ ọ́ di pàṣán tó fi ń na ọmọ ọlọ́mọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni rẹfirí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Òun ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ ni gbogbo ìlú ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tó bọ́ sórí pápá, tó fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀ láti wò ó. Èmi náà á jókòó sórí koríko, màá gbé ọwọ́ òsì mi lé itan. Á máa ṣe mí bíi pé ẹnìkan ń bá mi gbèjà rẹ̀.

Ọdọọdún ni àdúgbò wa àti àdúgbò òkè máa ń du ife. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Kábíyèsí ní àwọn fúnra wọn máa wá wòran. Inú ìlú dùn. Ibi tí òjìji wà ni wọ́n gbé àga Kábíyèsí sí, lábẹ́ igi odán, ibẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn òpó góòlù kan gan-an. Wolé-wolé ìlú ni rẹfirí. Òun ni ọkùnrin tó máa ń wọ ilé káàkiri láti yẹ ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, tí àwọn ìyá wa máa ń rí láti òkèèrè tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ó fẹ́ràn àṣẹ ju oúnjẹ lọ.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, òpó tó wà ní ìhà ọjà ni àwa kọjú sí. Télọ̀ wa fi ẹsẹ̀ òsì gbá ọ̀kan wọlé. Rẹfirí fọn fèrè: góòlù ni. Àdúgbò òkè dá a padà, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Nígbà tí ìsinmi parí, wọ́n yí ìhà padà. Wàyí o, àga Kábíyèsí la kọjú sí.

Kò pẹ́ tí télọ̀ wa tún fi òsì rán bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ariwo sọ. Rẹfirí fọn fèrè, ó sì ń ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún pé kì í ṣe góòlù. A rò pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ni. Rárá o. Ó rìn lọ bá télọ̀, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́: "A kì í fi òsì ju nǹkan sí Kábíyèsí."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì kan náà tó jẹ́ góòlù níhà ọjà ló di èébú níhà igi odán. Télọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Kábíyèsí ná. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó sì sọ fún rẹfirí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bọ́ọ̀lù kì í ṣe obì. Mi ò gbé e fún Kábíyèsí. Àwọ̀n ni mo gbé e fún." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Rẹfirí kò rẹ́rìn-ín.

Télọ̀ tún fi òsì gbá òmíràn wọlé, rẹfirí tún fagi lé e. Bí a ṣe ń jà lórí ìyẹn lọ́wọ́ ni àdúgbò òkè sáré lọ gbá ọ̀kan sí wa. Ó wá ku díẹ̀ kí eré parí nígbà tí bọ́ọ̀lù kan bọ́ síwájú télọ̀ wa. Gólì wọn ti ṣubú, àwọ̀n ṣófo, bọ́ọ̀lù sì wà níwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo wa ń pariwo pé, "Ọ̀tún! Fi ọ̀tún gbá a!" Ìyá tó bí i pàápàá ń pariwo rẹ̀. Ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún fa bọ́ọ̀lù náà wá síbi òsì, ó sì rán an. Àwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Fèrè dún, wọ́n ní kì í ṣe góòlù.

Bí a ṣe pàdánù ife nìyẹn, ó sì ń dùn mí di òní. Àwọn kan bínú sí i pé agídí rẹ̀ ló gba ife lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ sílé, gbogbo àwa èwe ló tẹ̀ lé e, a ń kọrin lọ, a sì fi àwọn tó gba ife sílẹ̀ lórí pápá pẹ̀lú ife wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo fi òsì kọ̀wé ní kíláàsì. Olùkọ́ nà mí. Mo sunkún, mo nu imú, mo tún fi òsì mú pẹ́ńsù. Ọwọ́ yìí náà ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo fi gún àwọn ìjòyè lábẹ́rẹ́ ní ìdí, kò sì sí èyí tó ní mo bú òun.

Ta ló wá mú mi rántí gbogbo èyí? Ọmọ ọmọ mi ni. Lithonia, lẹ́bàá Atlanta níbí, ni mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ má rò pé ojú ìyá àgbà ni mo fi ń wò ó. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn gólì tó ti pa lẹ́kún. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, èmi náà á sì súre fún un. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni Yorùbá rẹ̀ tó yè kooro. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó lórí pápá, bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù wọlé báyìí ló sáré wá síbi tí mo jókòó, ó kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì sáré padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ni a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Loganville, ìlú kan nítòsí wa. Oòrùn mú, mo rí igi kan, mo sì ní kí ọmọ mi gbé àga mi sábẹ́ rẹ̀. Òjìji ni mo tẹ̀ lé, n kò mọ̀ pé ìhà yẹn ni àwọn òbí ẹgbẹ́ kejì jókòó sí. Rẹfirí jẹ́ ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Ọmọ ọmọ mi gbá ọ̀kan wọlé, rẹfirí ní ọfúsáìdì ni. Irọ́ ni, ojú mi ló ṣe. Wọ́n ta ọmọ náà lẹ́sẹ̀ tó ṣubú, rẹfirí ní ọmọ náà ló kọlu èèyàn. Ọmọ náà rọra bi í pé, "Why, sir?" Rẹfirí yọ yẹ́lò káàdì sí i. Nígbà tó yá, ọmọ náà gbá èyí tí kò sí bí wọ́n ṣe lè fagi lé e, ó sáré wá bá mi lábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀. Rẹfirí sáré tẹ̀ lé e, ó ní ó ń fi àwọn òbí ẹgbẹ́ kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọ yẹ́lò kejì. Yẹ́lò méjì sì ti di káàdì pupa nìyẹn. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ náà wà nígbà tí wọ́n lé e kúrò nínú eré.

Ẹ ò rí ayé bí? Ní ìlú wa, wọ́n ní télọ̀ kò bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Níbí, ọmọ bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n tún fìyà jẹ ẹ́. Mo dìde, mo sọ ohun tó wà nínú mi fún ọkùnrin náà ní Yorùbá, n kò sì ní sọ ọ́ síbí nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ka ìwé yìí.

Inú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ti jáde. Ọmọ náà ní, "Grandma, I'm sorry. Next time, màá kàn wave sí yín." Bàbá rẹ̀ tó ń wakọ̀ ní, "It's okay, Mummy. Kó máa kúnlẹ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó máa misunderstand wave." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí mi lórí pápá, yóò juwọ́ sí mi ní kíṣíìnì, bó bá sì di ọjọ́ kan, yóò juwọ́ sí pósí mi.

Nígbà tí a délé, mo ń din dòdò, mo sì sọ ìtàn télọ̀ fún un, kí agídí lè wọ̀ ọ́ lára. Ó gbọ́ ọ dé òpin, dòdò kún ẹnu rẹ̀, ó wá bi mí pé, "So, did the king say sorry?"

Mo ní ọba kì í bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ní nígbà tó di ọdún kejì, a dé pápá, àga Kábíyèsí kò sí lẹ́yìn òpó góòlù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n gbé e sí, nínú oòrùn, ìránṣẹ́ kan sì ń di agboòrùn mú lórí wọn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Télọ̀ fi òsì gbá bọ́ọ̀lù wọlé níhà ọjà, ó fi gbá a wọlé níhà igi odán, wolé-wolé sì fọn fèrè sí gbogbo rẹ̀ pé góòlù ni.

Ọmọ náà gbé dòdò mì. "Oh," ló wí. "So he moved."

Àfi bíi pé ó gbá mi létí. Láti ọdún gbọọrọ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, télọ̀ ni mo máa ń rò pé mo jẹ́ nínú rẹ̀. N kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi ni màá wà lórí àga lábẹ́ òjìji, tí ọmọ á sì máa jìyà nítorí ibi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Loganville wá bá wa ní Lithonia, rẹfirí olórí funfun náà ló tún wà níbẹ̀. Òjìji wà, mo wò ó, mo sì kọjá lára rẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi gbé àga mi síhà tiwa, lẹ́bàá ìlà funfun gan-an, nínú oòrùn. "Mummy, this sun is too much o! BP yín ńkọ́?" Mo ní kó fún mi ní agboòrùn, kó sì lọ jókòó. N kò sọ fún ọmọ náà pé kó kúnlẹ̀, n kò sì sọ pé kó má kúnlẹ̀. Òun ló ni orúnkún, àga nìkan ni tèmi.

Eré ti ń lọ sópin, wọ́n sì ti fi ọ̀kan ṣáájú wa, kí ọmọ ọmọ mi tó rí bọ́ọ̀lù gbá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi gbá a wọlé o, kí ẹ má baà rò pé àlọ́ ni mò ń pa fún yín. Ó wá mi lọ sábẹ́ igi, kò rí mi. Ó rí agboòrùn. Ó sáré bọ̀, ó dúró nínú ìlà láìtẹ̀ ẹ́ kọjá, ó sì fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Mo súre fún un sókè, kí wọ́n lè gbọ́ ọ dé Loganville.

Rẹfirí dé, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yọ yẹ́lò káàdì, ó nà án sókè. Ọmọ náà kò dìde. Ó yí orúnkún sọ́dọ̀ rẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì na ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ wa ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. "Thank you, sir."

Ọkùnrin náà dúró. Kò sí òbí ẹgbẹ́ kejì kankan nítòsí tó lè sọ pé ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ọmọ, ó wò mí nínú oòrùn, ó wá ń wo káàdì bí ẹni pé kò mọ bó ṣe dé ọwọ́ òun. Kò yọ èkejì. Ó fọn fèrè pé kí eré máa lọ, ọ̀mì la sì ta. Nígbà tí a ń lọ sílé, ọmọ náà ní, "One card per game, Grandma. I can live with that." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wakọ̀ kọjá ilé wa.

Ohun tí ayé kọ́ mi nìyí o. Nígbà èwe mi, rẹfirí kì í ṣàlàyé, ọmọdé kì í béèrè. Lónìí, ọmọdé ń béèrè, wọ́n sì ń yọ káàdì sí i nítorí pé ó béèrè. Okùn tí wọ́n fi ń so ọwọ́ òsì ti já, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n fèrè ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń pe ohun tí ìyá yín kọ́ yín ní èébú. Ẹ má juwọ́. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì wọn. Àwa àgbà tí ẹ ń kúnlẹ̀ fún ló yẹ ká wá ibi tí a ó gbé àga wa sí. Oòrùn kò ní pa wá.