Bọ́tìnì Ṣẹ́ẹ̀tì Prínsípà àti Láísẹ́ǹsì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn bí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lásán ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ tí mo kàwé fún.

Occupational therapist ni mí ní Atlanta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Aunty kan bi mí bóyá nọ́ọ̀sì ni. Mo ní rárá. Wọ́n bi mí bóyá mo máa ń bá àwọn èèyàn wáṣẹ́ ni. Mo ní rárá. Wọ́n wá fi àánú wò mí, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é, n óò di nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan!

Iṣẹ́ wa ò ṣòro ṣàlàyé. Bí àìsàn bá gba agbára lọ́wọ́ èèyàn, àwa la máa ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀, bí yóò ṣe wọṣọ, bí yóò ṣe bu oúnjẹ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ìjọba Georgia tó gbà pé o lè kọ́ àgbàlagbà bí a ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀, wàá kàwé débi tí ojú rẹ á máa ṣe bàìbàì.

Nígbà tí mò ń wí yìí, mo ti ṣe ìdánwò, mo ń retí èsì. Ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú kan ní Forest Park, lábẹ́ ọ̀gá tó ti ní láísẹ́ǹsì. Bí ọ̀gá yẹn bá lóun ò ṣe mọ́, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Ms. Denise ni ọ̀gá mi, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Kì í pariwo. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn!

Ni wọ́n bá gbé Prínsípà wá.

Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè wọ́n nìyẹn. Wọ́n ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama rí nílé, kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn, Aunty Fúnkẹ́, ní Hampton. Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún wọn. Kò mú ẹnu wọn. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti to oyè wọn fún mi: Olóyè, Díákónì, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Georgia. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn fúnra wọn, Aunty Fúnkẹ́ àti ọkọ Aunty Fúnkẹ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀hún.

Mo ní kí Bàbá gbìyànjú láti de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n gbálẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ Yorùbá ni ẹ́ àbí òyìnbó?"

Mo ní ọmọ Yorùbá ni mí, sà.

"O wá dúró, ò ń wo àgbàlagbà tó ń bá bọ́tìnì jà?"

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Orúnkún mi ò tiẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ mi. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti de gbogbo rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, mo tún bá wọn so okùn bàtà. Bàbá súre fún mi. Inú mi dùn! Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é bọ̀ lójoojúmọ́.

Àfìgbà tí Ms. Denise pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì náà dára, ṣùgbọ́n ta ni aláìsàn nínú àwa méjèèjì? Mo bá ṣàlàyé àṣà wa fún un bíi pé mò ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ìyá àgbà òun náà kì í gbà kí ọmọdé jókòó bí àgbà bá wà lórí ìdúró, torí náà òun mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá ń kú lọ níbi tí mo ti ń yẹ́ wọn sí. Ó ní òun máa jókòó tì wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo bá tún fọwọ́ kan bọ́tìnì, kí n lọ wá ọ̀gá mìíràn.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, Ms. Denise jókòó tì wá, Aunty Fúnkẹ́ náà sì wá. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì lé Bàbá lọ́wọ́, mo bá wọn jókòó, mo sì ki ọwọ́ ara mi méjèèjì bọ abẹ́ itan. Bàbá ki apá bọ aṣọ, bí a ṣe ti kọ́ wọn. Wọ́n na àyà sí mi. Wọ́n ń retí. Èmi náà ń retí. Ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá lórí òrùlé.

"Ṣé ọwọ́ tìẹ náà ti rọ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ máa dè é lónìí, sà."

"Èmi kẹ̀? Fúnkẹ́, ṣó o gbọ́ ọ?"

Aunty Fúnkẹ́ ti dìde. Mo ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Haa! Sister, bàbá mi mà ni!"

"Mo mọ̀, ma. Ẹ jókòó."

Bàbá figbe ta. Wọ́n bú mi, wọ́n bú àwọn tó kọ́ mi níwèé, wọ́n ní àwọn ti lé ọmọ tó sàn jù mí lọ kúrò nílé ìwé. "Bọ́tìnì lásán-làsàn! Kí ló wà ńbẹ̀? Wò ó!" Pẹ̀lú ìbínú, wọ́n fọwọ́ òsì fa ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n mú bọ́tìnì, wọ́n tì í.

Ó wọlé!

Bàbá tẹ orí ba. Wọ́n ń wo bọ́tìnì yẹn bíi pé ẹlòmíràn ló dè é. Wọ́n wá rọra béèrè pé, "Èyí tó kàn dà?"

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, apá kan ṣẹ́ẹ̀tì ga ju ìkejì lọ. Ta ló máa sọ ọ́? Ms. Denise kàn mi orí sí mi, ó jáde. Òun ni ọ̀gá mi títí èsì ìdánwò fi dé, tí láísẹ́ǹsì sì tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rò pé Bàbá dúpẹ́? Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n fẹjọ́ mi sun Pásítọ̀! Pásítọ̀ wàásù lórí àwọn ọmọ tó dé Amẹ́ríkà tí wọ́n gbàgbé ilé, ibi tí mo jókòó sí ni wọ́n sì dojú kọ. Mo ṣe àmín.

Láti ìgbà náà, mo ti sọ láísẹ́ǹsì mi dọ̀tun. Ọdún méjì méjì la ń ṣe é, wọ́n á sì ní ká lọ kọ́ oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gbà. Kò tíì sí èyí tó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń di orúnkún ara rẹ̀ mú nígbà tí àgbàlagbà bá bi í pé ọmọ ta ni. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé torí ká lè gba ìre la ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Prínsípà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́tìnì wọn tún ṣi ihò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi èèyàn jókòó sáré lọ bá wọn tún un ṣe. Bàbá gbá a lọ́wọ́ dànù. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Èmi ni mo dè é!"

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gbá a.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti ràn lọ́wọ́ débi tí ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ o, n kò ní bá ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́!