Igbá Tí Obìnrin Kan Ní Ká Bá Òun Ṣọ́

Ẹ súnmọ́ mi, kí n rọra ro ohun tí ojú mi rí lọ́jà Sàvàlú fún yín. N kò ní kánjú o. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá kánjú sọ, ibi tó ṣe kókó ló máa ń já sílẹ̀.

Ràfíátù ọmọ mi ló ń ta gàrí níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ gàrí Sàvàlú! Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ ni, ọjà kò sì tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin aláṣọ funfun kan ra gàrí agolo kan, ó gbé igbá olómorí kan kalẹ̀, ó ní kó bá òun ṣọ́ ọ. Ní ilẹ̀ wa, a kì í kọ̀ fún oníbàárà àkọ́kọ́. Àmọ́ a máa ń bi í léèrè ìgbà tó máa padà. Ràfíátù kò bi í. Ẹnu dídùn ló fi dá a lóhùn: "Ẹ máa lọ jàre, Ìyá. Bó di títí láé, màá jókòó tì í."

Títí láé kẹ̀! Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí?

Obìnrin náà kò padà. Ni ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà bí ẹni pé wọ́n ń fi pàṣán lé àwọn èèyàn wá. Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí n má purọ́. Nígbà tó yá, Ràfíátù kò wá kí mi nílé ní Bantẹ̀ mọ́. Ìsọ̀ ló ń jẹ, ìsọ̀ ló ń sùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tó wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Pírà, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n pe Ràfíátù lórí fóònù títí. Ó ní òun ń bọ̀, kí òun ta fún ẹni kan yìí ná.

Mo gun alùpùpù zẹ́mì, mo lọ bá a. Ó ti rù! Ojú rẹ̀ kò kúrò lára igbá yẹn. Mo ní kó lọ wo ọmọ rẹ̀, èmi á jókòó dè é. Ó ní òun ti ṣèlérí. Mo ní èmi ìyá tó bí i ni mo gba ìlérí náà rù báyìí. Ló bá bú sẹ́kún, ó lọ.

Mo jókòó. Yéè! Ìdí mi kò tíì balẹ̀ tí wọ́n ti ń wọ́ dé. Mo ń wọn gàrí, mo ń wọn gàrí, àpò gàrí kò sì dín. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán, n kò gbọ́. Ọ̀fun mi gbẹ, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò lè nawọ́ sí i. Mo wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé kí n ta fún ẹni kan yìí ná. Ohùn Ràfíátù gan-an ló jáde!

Ìyá Kòfí, ará Máhì tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló fa ọwọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ń wọ̀! Ṣé ẹ fẹ́ di òpó ìsọ̀ ni?"

Mo bi í pé kí ló wà nídìí igbá yìí. Ó ní Dàn ni àwọn ń pè é, ejò ọlọ́rọ̀ tó ká mọ́ ayé. Ó ní Ajé ni àwa Yorùbá ń pè é. Ó nàka sí àwòrán kan tó lẹ̀ mọ́ ìsọ̀ rẹ̀, òrìṣàbìnrin ilẹ̀ Íńdíà kan tí owó wúrà ń dà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tàwọn yẹn nìyẹn. Gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó máa jókòó ti àwọn. Bí èèyàn bá ní òun kò ní dìde, wọ́n á gbà á gbọ́ ni."

Ràfíátù dé lọ́jọ́ kejì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ara ọmọ náà ti ń fúyẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú igbá. "Ìyá, ẹ má bínú, ẹnu mi ló yá jù. Màá máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, ilé ni mò ń lọ."

Lọ́jọ́ náà, ọjà tà díẹ̀, ó kù díẹ̀, bíi ti gbogbo èèyàn. Nírọ̀lẹ́, ó dìde. Ó dìde, ẹ̀yin èèyàn mi! Igbá náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Olè kò gbé e.

Ẹ wá Ajé o, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbà á lálejò, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó dìde fún un.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gbé ẹrù tì yín rí tí kò padà wá? Ẹ sọ tiyín fún mi. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mo máa ń bá ọwọ́ ọ̀tún mi níbi tó ti ń wọn gàrí tí kò sí níbẹ̀.